Ta Ni Yóò Rí Iṣẹ́ Ṣe Ní Ilé-Ẹ̀rọ Ńlá?

Nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé ilé-ẹ̀rọ ńlá kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú kan, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn òbí ni pé, "Ènìyàn mélòó ni wọn yóò gbà?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í tètè wá sí wa lọ́kàn: irú ènìyàn wo ni wọn yóò gbà, níbo ni olúwarẹ̀ yóò sì ti kọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn? Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Ilé-ẹ̀rọ kan tí ó wà ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé gbogbo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ayọ̀ àti ìjà pọ̀ mọ́ ọn.

Ará Amẹ́ríkà kọ́ ni ó ni ilé-ẹ̀rọ náà. Àwọn ará Taiwan ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Táíwò tí ó kọ́kọ́ tọ́ ayé wò ni mo ń wí o! Erékùṣù kan ni, lẹ́bàá ilẹ̀ Ṣáínà, tí àwọn àgbà tí wọ́n ka jọ́gíráfì láyé àtijọ́ mọ̀ sí Formosa. TSMC ni orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe ilé-iṣẹ́ náà. Morris Chang ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1987, pẹ̀lú owó ìjọba Taiwan àti owó ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Họ́láǹdì. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n bí Chang sí ní ọdún 1931, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ó ti kàwé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti fi ọdún 25 ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Texas Instruments kí ìjọba Taiwan tó pè é wá.

Ọgbọ́n tí Chang dá kò le láti yé ènìyàn. Ní ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ya àwòrán ṣíìpù ni ó sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Chang ní òun kò ní ya àwòrán kankan. Ẹni tí ó bá ní àwòrán kí ó gbé e wá, òun yóò bá a ṣe é. Ẹ wo télọ̀ ládùúgbò yín: kì í ta aṣọ, ẹni tí ó bá ní aṣọ ni yóò gbé e wá, tí yóò sì sọ irú èyí tí òun fẹ́ kí wọ́n rán fún òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ láti ya àwòrán, tí wọn kò ní owó láti kọ́ ilé-ẹ̀rọ, ni wọ́n sáré tọ̀ ọ́ lọ. Àwọn Apple àti Nvidia, tí òkìkí wọn kàn káàkiri ayé, oníbàárà "télọ̀" yìí ni wọ́n.

Kí ni wọ́n ń pè ní ṣíìpù? Ègé kékeré kan ni, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn kò ju èékánná lọ. Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ń ṣe é, irú ohun tí wọ́n ń fà jáde láti inú òkúta àti yanrìn. Lórí ègé kékeré yìí ni wọ́n ti máa ń ṣe ojú ìtanná ọ̀kẹ́ àìmọye, tí iye wọn ń lọ sí bílíọ̀nù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tàn tí ó sì ń kú. Nínú títàn àti kíkú yìí ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò, tí ó sì ń rántí ohun tí a bá fi sí i nínú. Bí fóònù Tecno tàbí Infinix bá wà lápò ẹni tí ń gbọ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ilé-iṣẹ́ MediaTek ti Taiwan ni ó ya àwòrán ṣíìpù inú rẹ̀. MediaTek kò ní ilé-ẹ̀rọ irú èyí; TSMC ni ó sábà máa ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Taiwan ni TSMC ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí méjì ni ó sọ ọ́ di ará Arizona. Èkíní ni pé ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà ń sọ pé ti òun ni Taiwan, ẹ̀rù sì ń ba Amẹ́ríkà pé bí ogun bá bẹ́, ibi tí àwọn ṣíìpù tí ó dára jù lọ láyé ti ń wá yóò dí pa. Èkejì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà àrùn Kòrónà: ṣíìpù wọ́n ní ọdún 2020 àti 2021, àwọn ilé-ẹ̀rọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ibi púpọ̀ nítorí ohun kékeré tí kò ju èékánná lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Ààrẹ Biden fi ọwọ́ sí òfin kan tí ó ya bílíọ̀nù 39 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn tí yóò bá kọ́ ilé-ẹ̀rọ ṣíìpù sí Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

TSMC ti kéde tirẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Ilé-ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó fẹ́ kọ́ nígbà náà, bílíọ̀nù 12 dọ́là ni ó sì fojú díwọ̀n pé yóò ná an. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 2022, ilé-ẹ̀rọ ti di méjì, owó ti di bílíọ̀nù 40. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó di mẹ́ta, owó sì lé ní bílíọ̀nù 65. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n tún fi bílíọ̀nù 100 lé e, ó di bílíọ̀nù 165 dọ́là. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé mọ̀ pé ilé máa ń gbówó ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n ti àwọn wọ̀nyí kì í ṣe pé àṣìṣe wà nínú ìṣirò. Iṣẹ́ náà ni wọ́n ń fẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò tiwa. Ilé-ẹ̀rọ mẹ́ta ti ọdún 2024, tí owó wọn lé ní bílíọ̀nù 65, ilé-iṣẹ́ náà sọ pé yóò pèsè iṣẹ́ tí yóò wà pẹ́ títí fún nǹkan bí 6,000 ènìyàn. Bí a bá pín owó náà sí ọ̀nà 6,000, owó tí wọ́n ná kí ènìyàn kan ṣoṣo tó rí iṣẹ́ ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà nìkan fi bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Bí a bá pín ìyẹn náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ni ìjọba ń wá, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ọjà ọ̀wọ́n ni wọ́n rà. Ilé ìkóúnjẹpamọ́, ilé-ẹ̀rọ bàtà, tàbí iṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣe ìbá gba ènìyàn ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ṣíìpù gan-an ni wọ́n ń wá, iṣẹ́ tẹ̀ lé e ni. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá rí àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń fi iye iṣẹ́ kọrin.

Èéṣe tí owó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí òṣìṣẹ́ sì kéré? Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú ibẹ̀ díẹ̀. Sílíkọ́nì tí wọ́n ń lò máa ń wá gẹ́gẹ́ bí àwo pẹlẹbẹ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 12. Orí àwo kan ni wọ́n ti ń ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣíìpù lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a wá gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà kéré débi pé nanomita ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; bí ẹ bá gé mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nanomita. Eruku tí ojú wa kò lè rí, òkè ńlá ni lójú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ inú ilé náà mọ́ ju ti yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn lọ, ẹni tí yóò bá sì wọ ibẹ̀ yóò wọ aṣọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú nìkan ni yóò kù síta. Ènìyàn kì í gbé àwo náà rìn kiri. Inú àpótí ni ó wà, àpótí sì ń sáré lórí irin lókè àjà, láti ìdí ẹ̀rọ kan bọ́ sí ìdí òmíràn. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni àwo kan fi ń lọ tí ó ń bọ̀ báyìí, tọ̀sán-tòru, kí ó tó parí.

Àwọn ẹ̀rọ náà fúnra wọn, ìyanu ni wọ́n. Èyí tí ó lágbára jù nínú wọn, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní gbogbo ayé ni ó lè ṣe é, ASML ti ìlú Veldhoven ní Họ́láǹdì. Inú ẹ̀rọ yìí ni tánńganran yíyọ́ ti ń kán tó-tó-tó, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà ẹgbẹ̀rún márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí iná lésà sì ń ta mọ́ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni wọ́n fi ń ya àwòrán sórí àwo. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ni ẹyọ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni owó wọlẹ̀ sí.

Kí ni iṣẹ́ wá kù fún ọmọ ènìyàn? Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ṣíìpù. Ènìyàn ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe àìsàn, ènìyàn ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì tò ó padà. Bí ṣíìpù tí ó bàjẹ́ bá ń pọ̀ jù nínú àwo, ènìyàn ni yóò jókòó ti ìwé ìṣirò títí yóò fi rí ibi tí àléébù ti wọlé. Àwọn ẹnjiníà wà níbẹ̀ tí wọ́n jáde ní yunifásítì, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì wà tí wọn kò lo ju ọdún méjì lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ lò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù.

Kí n má tíì gbàgbé àwọn tí iṣẹ́ wọn wà lẹ́yìn odi. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ilé mẹ́ta náà yóò gba ohun tí ó lé ní 20,000 ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bíríkìlà, wẹ́dà, oníṣẹ́ iná, àwọn tí ń fa páìpù. Ilé-iṣẹ́ Linde sì wá kọ́ ilé-ẹ̀rọ tirẹ̀ sí tòsí láti máa fa gáàsì wọlé sí i. Iṣẹ́ kíkọ́lé kì í ṣe iṣẹ́ àṣekú, bí òrùlé bá ti dé orí, oníṣẹ́ yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Phoenix, bí wọ́n ti ń parí ọ̀kan ni wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ òmíràn lélẹ̀, nítorí náà ó ti di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún fún ẹlòmíràn.

Lórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ni ìjà ti bẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2023, TSMC kéde pé ilé-ẹ̀rọ àkọ́kọ́, tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024, yóò di 2025. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí wọ́n mọ̀ bí a ti ń gbé irú ẹ̀rọ wọ̀nyí kalẹ̀ kò tó ní Arizona, àwọn sì fẹ́ kó nǹkan bí 500 oníṣẹ́ wá láti Taiwan. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dé egungun. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni, pé wọ́n fẹ́ fi owó ìjọba Amẹ́ríkà gba àjèjì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún wọn ní físà.

Ní tèmi, mo rò pé òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Iṣẹ́ ṣíìpù kì í ṣe ohun tuntun ní Phoenix. Láti ọdún 1949 ni Motorola ti ń ṣe ìwádìí irú rẹ̀ níbẹ̀, nǹkan bí ọdún 1980 sì ni Intel ti kọ́ ilé-ẹ̀rọ tirẹ̀ sí Chandler nítòsí ibẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ ti fa páìpù sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí àlejò kan wá sọ fún un pé kò mọ iṣẹ́. Síbẹ̀, olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ni ó ní bí ó ti ń to ẹ̀rọ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti tò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní Taiwan mọ àṣírí tí kò sí nínú ìwé. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì fẹnu kò: àwọn ọmọ ìlú ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, wọn yóò máa kọ́ wọn níṣẹ́, àwọn àjèjì tí iṣẹ́ wọn ṣọ̀wọ́n yóò sì lè wọlé.

Ti àwọn ẹnjiníà tún yàtọ̀. Láti ọdún 2021 ni TSMC ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, tí ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Tainan ní Taiwan láti lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Iṣẹ́ náà sì le: bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ní aago méjì òru, wọn yóò pe ẹnjiníà lórí ibùsùn, kò sì ní sọ pé ó di òwúrọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kùn sí èyí, àwọn mìíràn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará Taiwan náà sì ń sọ láàárín ara wọn pé àwọn èwe wọ̀nyí fẹ́ràn ìsinmi jù. Ní ìdajì ọdún 2024, nínú nǹkan bí 2,200 òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Phoenix, Taiwan ni wọ́n ti kó nǹkan bí ìdajì wọn wá. Morris Chang tí ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 2018 ti sọ ní 2022 pé owó tí ènìyàn yóò fi ṣe ṣíìpù kan náà ní Amẹ́ríkà yóò fi ìdajì ju ti Taiwan lọ. Ó mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ irú rẹ̀ kan sí ìpínlẹ̀ Washington láàárín ọdún 1996 sí 1998, kò sì rí èrè tí ó rò níbẹ̀.

Kí ni àwọn ará Arizona wá ṣe sí i? Ohun tí wọ́n ṣe yìí ni ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí ó wà ní agbègbè Maricopa kò dúró de ìgbà tí ilé-ẹ̀rọ yóò ṣílẹ̀kùn. Ní ọdún 2022, wọ́n dá ẹ̀kọ́ kúkúrú kan sílẹ̀, ọjọ́ 10 péré, wákàtí 40, fún ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ṣíìpù rí. Ẹni tí ń gbé oúnjẹ ní ilé oúnjẹ, ẹni tí ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá tí ó ti tọ́mọ tán tí ó ń wá iṣẹ́, gbogbo wọn ni ó láǹfààní láti wọ aṣọ funfun náà, kí wọ́n di irinṣẹ́ mú, kí wọ́n ka àwòrán ẹ̀rọ, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá wọn lára mu. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ 10 lè sọ ènìyàn di ọ̀gá. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé jìnnà ni yóò tẹ̀síwájú.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni TSMC náà wá bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́ gidi fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ìlú Phoenix sì fi owó kún un. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-ẹ̀rọ, ó ń lọ sí kíláàsì, ó sì ń gba owó oṣù. Èyí yóò ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu. Nílé wa níhìn-ín, ọmọ iṣẹ́ ni ó ń sanwó fún ọ̀gá, tí yóò sì tún ra ọtí àti ẹran lọ́jọ́ tí ó bá gba òmìnira. Níbẹ̀, ọ̀gá ni ó ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n lawọ́ jù wá lọ. Ẹ̀rọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là tí ó dákẹ́ fún wákàtí kan nítorí àìsí ẹni tí yóò tún un ṣe ń jẹ owó ju owó oṣù ọmọ iṣẹ́ lọ.

Ẹnìkan yóò béèrè pé omi wo ni wọ́n ń rí lò, nítorí inú aṣálẹ̀ ni Phoenix wà, òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan kò ju nǹkan bí ínǹṣì 8 lọ, omi ni wọ́n sì fi ń fọ àwo náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpele. Ilé-ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nìkan ń fẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 4.75 gálọ́ọ̀nù lójoojúmọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ńlá kan níbi tí wọn yóò ti máa sẹ́ omi tí wọ́n ti lò, kí wọ́n lè tún un lò, kí èyí tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ìlú lè wá sílẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù. Ilé sísẹ́ omi náà pẹ̀lú yóò gba oníṣẹ́.

Ilé-ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ṣíìpù ní ọ̀pọ̀ yanturu ní ìparí ọdún 2024. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ọ̀gá àgbà TSMC, C. C. Wei, kéde pé iye èyí tí ó dára nínú wọn kò yàtọ̀ sí ti Taiwan. Fún àwọn tí wọ́n ti ń sọ ní ọdún 2023 pé ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kò lè ṣe é, ìdáhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù. Bí wọ́n bá ti gé ṣíìpù kúrò lára àwo, ó ní láti lọ sí ibi tí wọn yóò ti dì í, tí wọn yóò sì so ó mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó tó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Irú ilé ìdìpọ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní Arizona nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ṣíìpù tí wọ́n ṣe ní Phoenix tún ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Taiwan. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Amkor ti Amẹ́ríkà, ni ó gbé ìyẹn dání. Ní ọdún 2023 ó kéde ilé ìdìpọ̀ bílíọ̀nù 2 dọ́là tí yóò gba 2,000 ènìyàn. Nígbà tí ó fi máa fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Peoria, ìlú tí ó bá Phoenix pààlà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, owó ti di bílíọ̀nù 7, iye ènìyàn sì ti di 3,000. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2028 ni wọ́n fojú sí pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.